Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Káàdì Wàásù

Káàdì mẹ́mórì náà kò tóbi ju èékánná lọ, ṣùgbọ́n Sàdíátù dì í mọ́ etí gèlè bí ẹni di oògùn. Ó wọ ọ́fíìsì ọlọ́pàá láì kí ẹnikẹ́ni, ó tú u sórí tábìlì Insipẹ́kítọ̀ Wúrà Akínsànmí, ó sì sún sẹ́yìn bí ẹni tó ju ejò sílẹ̀.

"Ẹ gbà á o, Insipẹ́kítọ̀. Kò gbọdọ̀ wọ ilé mi mọ́. Inú wàásù ni wọ́n kó o pamọ́ sí! Inú ọ̀rọ̀ Ọlọ́run!"

"Ẹ jókòó ná, màmá. Kí ni wọ́n kó pamọ́?"

"Ìhàlẹ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Alhaji Shamsudeen. Ojú mi yìí ni mo fi rí i lórí kọ̀ǹpútà Mùízz, oníṣẹ́ fóònù. Mo ní kó bá mi wo káàdì wàásù àsálátù wa, ohùn ààfáà ti ń já bí okùn tó gbó. Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ló bá di 'leave Warri, leave Warri' lójú kọ̀ǹpútà. Mo figbe ta. Mùízz fẹ́ pa á rẹ́, mo já káàdì gbà lọ́wọ́ rẹ̀."

Wúrà mú káàdì náà. Ó mọ ìhàlẹ̀ yẹn dáadáa.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Lọ́dún náà, àwọn ọmọkùnrin inú odò ń fọ́ páìpù epo, sójà sì kún oríta Enerhen bí eṣinṣin orí ẹja. Alhaji Shamsudeen, ọmọ Ìṣẹ́yìn tó ń ta ike àti ìkòkò, tó tún jẹ́ olórí àsálátù àwọn Yorùbá ní Ugborikoko, gba tẹ́ẹ̀sì kan: kó kó àwọn èèyàn rẹ̀ kúrò ní Warri kí oṣù tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iná. Nọ́ńbà Ọlámigòkè ni tẹ́ẹ̀sì náà ti wá. Ọmọ Ìlàjẹ ni Ọlámigòkè, awakọ̀ ojú omi tó ń bá Alhaji gbé ọjà lọ sí àwọn abúlé inú odò. Ó sá pamọ́. Àwọn sójà ń wá a.

Wúrà náà, ọmọ Ìlàjẹ ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní ọ́fíìsì: "Madam, na your brother o. You go fit?" Ìtìjú ọ̀rọ̀ yẹn ló mú un wọ mọ́tò sójà, tó fi na ìka sí ilé tí ọmọ náà ń sùn sí létí odò. Kò sọ̀kalẹ̀ nígbà tí wọ́n wọlé mú Ọlámigòkè. Inú mọ́tò ló jókòó sí, lẹ́yìn dígí dúdú, tó na ìka. Òun tí ìyá àgbà rẹ̀ fi àdúrà àti òwe tọ́ dàgbà, tí kò sí àárọ̀ kan tí wọn kì í sọ ọ́ sí i létí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkankan kó tó na ìka.

Láàárọ̀ yìí ni wọ́n sọ fún un pé ní ìrọ̀lẹ́, wọn yóò gbé Ọlámigòkè kúrò ní Warri. Ẹni tí wọ́n bá sì gbé kúrò ní Warri lọ́dún náà, àwòrán rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń gbé kiri.

Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú fóònù Ọlámigòkè, èyí tó wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un. Ó jù ú sínú báàgì pẹ̀lú káàdì náà.

"Ẹ dìde, màmá. Ẹ mú mi lọ sọ́dọ̀ Mùízz."

*

Abẹ́ agboòrùn ńlá kan ni Mùízz ti ń ṣiṣẹ́ nítòsí oríta Enerhen, níbi tí àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ bọ́ọ̀sì ti ń pe "Effurun! Effurun!" títí ohùn wọn á fi ya. Wọ́n bí i sí Warri. Ó ń gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù bá bà á, Pidgin ló ń sá sí.

"Aunty Wúrà, I swear, I no know who write am."

"Mi ò tíì bi ọ́. Fi hàn mí ná."

Mùízz gba káàdì, ó kì í bọ kọ̀ǹpútà, ó sì yí ojú rẹ̀ sí i. Láàárín àwọn àmì tí kò ní ìtumọ̀, ọ̀rọ̀ kan hàn, lẹ́yìn náà òmíràn, lẹ́yìn náà òmíràn:

Alhaji, we dey watch you.

Alhaji, carry your people leave Warri.

Alhaji, if month end meet you for Warri

Ibẹ̀ ló ti já.

"Ẹni yìí ń dán ọ̀rọ̀ wò," ni Wúrà wí, "bí ẹni ń wọ ẹ̀wù níwájú dígí. Kò fẹ́ èyí, ó bọ́ ọ. Ó tún mú òmíràn." Ó gbé fóònù Ọlámigòkè kalẹ̀. "Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà fi máa dé inú èyí, ó ti gún régé. Ìwọ tí o mọ̀ nípa fóònù, bá mi wo ẹ̀yìn rẹ̀. Káàdì wo ló ń lò?"

Mùízz tú ẹ̀yìn fóònù náà, ó sì mi orí. "Káàdì kẹ̀? Ihò ẹ̀ ti dípẹtà. Salt water don chop am finish. Kò lè gba káàdì láyé."

"Ó ti pẹ́?"

"E don tey well well."

Ó yé Wúrà. Inú fóònù mìíràn ni wọ́n ti dán ọ̀rọ̀ náà wò. Bí ó bá ti tú ẹ̀yìn fóònù yìí wò kí ó tó wọ mọ́tò sójà ńkọ́?

"Ṣàlàyé fún mi bí èèyàn á ti mọ̀. Báwo ni ọ̀rọ̀ ìhàlẹ̀ ṣe dé ẹ̀yìn wàásù?"

Mùízz tọ́ka sí iwájú ara rẹ̀. "Ẹ wo tábìlì mi. Ó kéré. When customer plenty, èyí tí mi ò fọwọ́ kàn, mo máa ń sọ ọ́ sínú àpótí ìsàlẹ̀ yìí, kí n lè ráyè. Tí ẹni tó ni ín bá dé, mo gbé e sókè, mo sọ òmíràn kalẹ̀. Fóònù náà, bẹ́ẹ̀ ni. Ọpọlọ tó fi ń ṣiṣẹ́, òun ni tábìlì. Tí ọpọlọ bá kéré, fóònù á máa há, á máa pa iṣẹ́ tó ń ṣe tì lójijì. So àwa máa ń pín káàdì sí méjì. Iwájú, orin àti wàásù. Ẹ̀yìn, a ó fi ṣe àpótí fún un. Súwáàpù la ń pè é. Ohun tí fóònù ò bá fọwọ́ kàn, á lọ kó o síbẹ̀."

"Ṣé ẹni tó ni fóònù máa ń mọ ohun tó bá wà níbẹ̀?"

"For where? Fóònù fúnra ẹ̀ ló ń gbé e lọ. Tí onítọ̀hún bá tiẹ̀ pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, tábìlì ló nù. Àpótí wà bẹ́ẹ̀, títí nǹkan mìíràn á fi gorí ẹ̀. Àti pé gbígbé wọlé, gbígbé jáde yẹn ló ń jẹ káàdì run. Na im make the wàásù dey cut."

Sàdíátù gbá àyà. "Yéè! Àṣé fóònù náà ní yàrá ẹ̀yìn!"

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ," ni Wúrà wí. "Mùízz, tí wọ́n bá ki káàdì yìí bọ fóònù mìíràn, ṣé òun náà lè kó nǹkan sí ẹ̀yìn?"

"Rárá. Iwájú nìkan ló máa rí. Only the phone wey I open eye for." Ó gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde, ó bá pa ètè dé.

"Ìwọ lo la ojú rẹ̀. Fóònù ta ni?"

"Aunty, phone plenty. Mo... mo ti gbàgbé."

Ilẹ̀ ló ń wò. Wúrà mọ ìyàtọ̀. Ẹni tó gbàgbé a máa wòkè bí ẹni ń wá nǹkan ní àjà. Ẹni tó ń pa nǹkan mọ́ ló ń wolẹ̀. Kò fipá mú un. Ó bi í ní ìbéèrè kékeré kan péré.

"Fóònù tó bá ní irú àpótí báyìí, tí èèyàn bá ṣàdédé fa káàdì yọ ńkọ́?"

"Á dákú lójú ẹsẹ̀! Ẹrù ẹ̀ wà níbẹ̀ now. Mo máa ń kìlọ̀ fún wọn gan-an: off am first."

"O ṣeun," ni Wúrà wí, ó sì mú káàdì.

*

Bí wọ́n ti ń rìn lọ ni Sàdíátù ń ṣàlàyé òfin àsálátù. Láti Sọ́ńdè dé Sọ́ńdè ni káàdì ń gbé inú ilé kan. Bí ilé kan bá gbọ́ wàásù tán, ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí ni wọ́n ti ń fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, lójú gbogbo ayé. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ dì í mú. Ẹni tó bá dì í mú, wọn á ní ó ń jẹ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run nìkan.

"Ọwọ́ ta ló ti dé?"

"Alhaji ló kọ́kọ́ gbà á, òun kúkú ni olórí. Lẹ́yìn rẹ̀, Mùsbáù. Lẹ́yìn Mùsbáù, èmi."

"Kí lẹ̀yin fi ń gbọ́ ọ?"

"Rédíò kékeré mi tó ní ihò káàdì. Fóònù tí wọ́n ń fọwọ́ nù lójú bí ọmọ tó ń sunkún yẹn, mi ò ní in." Ó dúró. "Ṣùgbọ́n kí lẹ tún ń wá kiri? Mùsbáù ni! Alhaji pè é ní adìyẹ láàárín àsálátù, nígbà tó kó ìyàwó àtọmọ padà sí Ọ̀yọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wo Alhaji bí ológbò tí wọ́n gba ẹja lẹ́nu rẹ̀."

"Màmá, gbogbo alángbá ló da inú délẹ̀."

"Èyí tí inú ń run ni mo sọ fún yín yìí."

Wọ́n bá Mùsbáù lẹ́nu géètì Warri Port. Iṣẹ́ akẹ́rùjáde ló ń ṣe níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò dé mọ́, òun àti àwọn onílọ́rì jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń ta dírááfù. Ó rí Wúrà, kò dìde.

"Ẹ wá mú èmi náà, Insipẹ́kítọ̀? Ẹ ti mú ọmọ odò yín tán, ó wá kan àwa?"

Ọ̀rọ̀ náà gún Wúrà lábẹ́ egungun ìhà. "Ta ló sọ fún ọ pé èmi ni mo mú un?"

"Sójà, ọlọ́pàá, ṣé kì í ṣe inú ìkòkò kan náà lẹ ti ń jẹun?"

Kò mọ nǹkan kan. Wúrà mí kanlẹ̀, ìtìjú sì tún bò ó, pé ara tu òun nítorí ẹnìkan kò mọ̀.

"Alhaji pè ọ́ ní adìyẹ," ni ó wí.

"Ó pè mí. Mo gbé e mì. Ẹ̀rù bà mí, mo gbé ọmọ mi kúrò níbi tí ìbọn ti ń dún, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

"Ọjọ́ tí ìhàlẹ̀ dé bá òun náà ńkọ́?"

"Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi run mí. Mo ní, ẹ káàbọ̀ o, adìyẹ ẹlẹgbẹ́ mi."

"Ẹ gbọ́!" ni Sàdíátù ké. "Ẹ gbọ́ ẹnu ẹ̀!"

"Fóònù rẹ dà?" ni Wúrà béèrè.

Mùsbáù yọ ọ́. Fóònù oníbọ́tìnnì ni, rọ́bà ni ó fi so ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀, tọ́ṣì wà lórí rẹ̀. "Ẹ rọra gbá a mú o. Tọ́ṣì yẹn nìkan ni iná tó mọ́ nílé mi."

"Ki káàdì yìí bọ̀ ọ́ bí o ti ń ṣe."

Ó kì í bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì, ààfáà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lórí àlùwàlá. "Fún mi padà," ni Wúrà wí. Mùsbáù fi èékánná ta káàdì yọ bí ẹni ta òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Ààfáà dákẹ́. Fóònù kò dákú. Ó tilẹ̀ tan tọ́ṣì, torí ìka rẹ̀ ṣèèṣì kàn án.

"Ó tán?"

"Ó tán."

"Ẹ ò ní mú mi?" Ó wo Sàdíátù. "Ìyáàfin yìí á bínú o."

"Ẹ tún un wò dáadáa!" ni Sàdíátù wí. "Bóyá ó fi òmíràn sábẹ́ ẹní!"

Wúrà ti yí padà. Rédíò kò lè kọ tẹ́ẹ̀sì. Fóònù oníbọ́tìnnì yìí kò ní yàrá ẹ̀yìn. Nínú ilé mẹ́ta, ó ku ọ̀kan, orúkọ náà sì wúwo lórí ahọ́n. Ta ni yóò jókòó kọ ìhàlẹ̀ sí ara rẹ̀?

Ó wá rántí ohun kan tó ti fẹ́ gbàgbé. Ọjọ́ tí wọ́n fa Ọlámigòkè jáde, ọmọ náà ń kígbe ohun kan, dígí mọ́tò kò sì nípọn tó. "That day, my phone dey charge for Alhaji shop! Ask Alhaji!" Kò síná nínú odò, sọ́ọ̀bù oníbàárà wọn ní ìlú ni àwọn awakọ̀ ń fi fóònù sí, kí jẹnẹrétọ̀ lè fún un níná títí wọn á fi darí dé. Wọ́n bi Alhaji. Alhaji ní ọmọ náà kò fi fóònù sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àgbà ni Alhaji, ó ní tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ta ni yóò bi í lẹ́ẹ̀kejì?

Oòrùn ti ń rọ̀. Wúrà dá kẹ̀kẹ́ márúwá kan dúró.

*

Níwájú ilé Alhaji ní Ugborikoko, lọ́rì kan ti kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn ará àsálátù ń bá a dẹrù, omi lójú, oríkì lẹ́nu:

"Àràbà Ugborikoko,
igi ńlá tí ìjì gbọ̀n gbọ̀n tí kò wó!
Shamsudeen, a-rógun-má-yẹsẹ̀,
lọ́jọ́ tí ìjà Warri kọ́kọ́ bẹ́,
tí onílé ń sá, tí àlejò ń sá,
ta ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà
tó gbé kẹ́tùlù, tó ń ṣe àlùwàlá?"

Alhaji dúró láàárín wọn nínú jàlàbíà funfun, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì bí ojú ẹni tí wọ́n fipá lé. "Tèmi nìkan kọ́," ló ń sọ fún wọn. "Bí ó bá jẹ́ èmi nìkan, kí wọ́n wá. Ẹ̀yin ni mò ń rò."

Wúrà kúnlẹ̀ kí i. "Alhaji, mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi ṣe ohun kékeré kan kí ẹ tó lọ. Wọ́n ní káàdì wàásù ti ń bàjẹ́. Ẹ bá mi gbìyànjú rẹ̀ nínú fóònù ńlá yín yìí, ẹ jọ̀ọ́."

Alhaji wo káàdì, ó wo Sàdíátù, ó wo àwọn èèyàn rẹ̀ tí wọ́n ń wò ó. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Fóònù rẹ̀ ń dán, ó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́. Ó ki káàdì bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ààfáà ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì ń já.

"Òótọ́ ni, ó ti ń bàjẹ́," ni Alhaji wí.

"Ẹ fún mi padà, sà."

Alhaji na èékánná sí ibi tí káàdì wà. Ó dá ọwọ́ dúró. Ó tẹ ẹ̀gbẹ́ fóònù mọ́lẹ̀, ó dì í mú bẹ́ẹ̀. Fóònù kọ orin ìdágbére rẹ̀, ojú rẹ̀ dúdú. Ìgbà náà ló tó fa káàdì yọ, tó nà án sí Wúrà.

Wúrà kò gbà á.

"Alhaji, ẹ jẹ́ ká wọlé."

Nínú pálọ̀ tí wọ́n ti kó kúrò, tí kò ku nǹkan kan ju ẹní àti àga kan, Ramlah, ìyàwó Alhaji, ń so ìdì. Ó rí ojú ọkọ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí okùn.

"Kí ló dé tí ẹ pa fóònù kẹ́ ẹ tó yọ káàdì?" ni Wúrà béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é."

"Mùsbáù kò ṣe bẹ́ẹ̀."

"Kí ni Mùsbáù mọ̀?"

"Ohun tí ẹ̀yin mọ̀ ni kò mọ̀. Pé fóònù tó bá ń kó ẹrù sẹ́yìn káàdì, tí wọ́n bá fa káàdì yọ lójijì, á dákú. Ẹnìkan ló kìlọ̀ yẹn fún yín, ó sì ti mọ́ yín lọ́wọ́. Fóònù ńlá báyìí, kí ló ń wá yàrá ẹ̀yìn fún? Àfi tí ńlá rẹ̀ bá jẹ́ ti ojú lásán. Ayédèrú ni, àbí? Ojú tì yín, ẹ ní kí Mùízz bá yín tún un ṣe, kó má sọ fún ẹnìkan."

Alhaji fi fóònù sápò. "Nítorí fóònù lẹ ṣe pè mí wọlé?"

"Nítorí ohun tí fóònù náà kó pamọ́ fún yín. Ẹ dán ìhàlẹ̀ wò nínú rẹ̀ kí ẹ tó fi fóònù Ọlámigòkè kọ ọ́, èyí tó fi síná ní sọ́ọ̀bù yín. Ẹ pa á rẹ́. Fóònù nu tábìlì, kò nu àpótí. Ìgbà tí Sọ́ńdè sì pé, ẹ ò lè di káàdì mú, ojú á tì yín. Ẹ fi ọwọ́ ara yín fún Mùsbáù lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí."

"Ṣé ó yẹ kí èmi, Shamsudeen—"

"Alhaji," ni Ramlah wí jẹ́jẹ́. "Ẹ sọ fún un."

Bí ọ̀rọ̀ ti já lẹ́nu obìnrin yẹn, àràbà wó. Alhaji fi ìdí lé ẹní, tẹ̀sùbáà já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọjọ́ tí wọ́n fọ́ páìpù, tí dígí yàrá wa ń gbọ̀n, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo sá sí. Ramlah ló fà mí jáde. Láti ọjọ́ náà, ilé ni mo fẹ́ lọ. Ìṣẹ́yìn ni mo fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kì mí níta ni? Èmi tí mo pe Mùsbáù ní adìyẹ! Oríkì ti di ẹ̀wọ̀n sí mi lẹ́sẹ̀. Mo ní bí ìhàlẹ̀ bá dé, àwọn fúnra wọn ni yóò bẹ̀ mí pé kí n máa lọ. Àsálátù nìkan ni mo fi tẹ́ẹ̀sì náà hàn. Àwọn ló gbé e dé ọ̀dọ̀ yín."

"Nígbà tí wọ́n wá mú ọmọ náà ńkọ́?"

Alhaji bo ojú. "Mo ń sọ pé lọ́la ni n ó sọ ọ́. Ikú yá ju ẹ̀sín, Insipẹ́kítọ̀."

"Ikú ta ni, Alhaji?"

Níta, wọ́n tún ti gbé oríkì náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Alhaji bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ bò mí láṣìírí, ọmọ mi. Ẹ pe àwọn sójà lórí fóònù. Ẹ ní ìdàrúdàpọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ọmọ náà á jáde, èmi á wọ lọ́rì, ọ̀rọ̀ á parí. Ẹ̀yin náà, wọn ò ní lè sọ pé ẹ ṣe àṣìṣe."

Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí ìdánwò tó mọ ilé wa. Wúrà gbọ́ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, ó sì dùn mọ́ ọn létí ju bó ti yẹ lọ. Ta ni yóò mọ̀? Ẹni tó na ìka wà lẹ́yìn dígí dúdú. Ọ̀bẹ kì í kúkú mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

"Wọn kì í fi èèyàn sílẹ̀ nítorí tẹlifóònù," ló wí níkẹyìn. "Ẹnu yín ni wọ́n máa gbọ́. Ẹ dìde, ìrọ̀lẹ́ ti dé."

Bí wọ́n ti yọ sí ẹnu ọ̀nà, àwọn ará àsálátù tún figbe ta: "Àràbà Ugborikoko!"

Alhaji gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ má kì mí mọ́," ló wí. "Ẹ sọ ẹrù kalẹ̀. Kò sí ẹni tó hàlẹ̀ mọ́ mi. Èmi ni."

Sàdíátù fi gèlè bo ẹnu. Alhaji ń rìn gba àárín wọn kọjá, wọ́n sì ń yà fún un bí ẹni ń yà fún òkú.

*

Mọ́tò ti ń kùn nínú ọgbà àwọn sójà nígbà tí wọ́n dé. Ọ̀gá wọn gbọ́ ọ̀rọ̀ Alhaji tán, ó ní kó tún un sọ, kó gbé ohùn sókè. Alhaji tún un sọ. Àwọn sójà bú sẹ́rìn-ín.

"Papa, you come threaten yourself? Your own self?"

"Yes, sir," ni Alhaji wí, òun tó lè bí ọ̀gá náà.

Ọ̀gá náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ le. Ó ní kí wọ́n mú ọmọ náà sọ̀kalẹ̀. Wọ́n mú un sọ̀kalẹ̀ láti ẹ̀yìn mọ́tò, ó ń tiro, ojú rẹ̀ kan wú, ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò sì lè ká mọ́. Ọwọ́ tó fi ń tukọ̀ nìyẹn.

Alhaji dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀ pẹ̀lú jàlàbíà funfun. Ó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń bá sọ ọ́, wọn ò gbọ́ ju "èmi ni, èmi ni" lọ.

Ọlámigòkè wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì gbá a mú léjìká.

"Alhaji, abeg, ẹ dìde. People dey look."

Alhaji kò dìde. Ọmọ náà jọ̀wọ́ rẹ̀, ó yíjú sí Wúrà, omi sì gba ojú rẹ̀ tí kò wú.

"Àǹtí Wúrà, ẹ ṣé o. Mo mọ̀ pé èèyàn mi kan á wá mi. Na only you come." Ó nu imú. "Ṣùgbọ́n èyí tí Alhaji ṣe, mo lè gbé e mì. Ẹni tó júwe ibi tí mo ń sùn fún wọn, òun ni mi ò lè gbé mì. Ilé yẹn, ará odò nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀nà à ń wá ọ̀daràn. Abeg, ẹ bá mi wá onítọ̀hún."

Ọ̀gá sójà gbọ́ ọ. Ó wo Wúrà, ó gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó fi í sílẹ̀ fún un. Ọ̀nà géètì ṣí sílẹ̀, kẹ̀kẹ́ ń dúró, ọ̀rọ̀ kan péré, "mo ti gbọ́," ìbá ti tó.

Ohùn ìyá àgbà rẹ̀ sọ sí i lọ́kàn bí ó ti máa ń kì í ní àárọ̀: Akínsànmí, ọmọ a-tukọ̀-lórí-òkun-má-ranjú, ọmọ olótìítọ́ inú. Oríkì náà jó o.

Wúrà ṣí fìlà ọlọ́pàá kúrò lórí.

"Mo ti rí i," ló wí.

Ó sì kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alhaji.